Ta gan-an ló yẹ ká kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ omi lò?

Tí ẹ bá rí obìnrin tó ru kẹ́ẹ̀gì 25 lítà láti odò wálé, ẹ má sọ fún un pé kó máa ṣọ́ omi lò. Mo bẹ̀ yín. Omi yẹn tó kílò 25, kẹ́ẹ̀gì fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀ o, ó sì gbé e gun òkè wálé, ó mọ èyí tó máa fi ro àmàlà, ó mọ èyí tó máa fi wẹ ọmọ, omi tó fi ṣan abọ́ kẹ́yìn ló máa fi fọ ẹ̀yìnkùlé, omi tó fi fọ aṣọ ló máa dà sí ṣáláńgá. Kò sí nǹkan tí èmi tàbí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ ọ nípa ìyẹn.

Mo ń sọ̀rọ̀ yìí nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi gan-an nìyẹn. Tíṣà ni mí, Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlú kékeré kan tó wà láàárín Ìséyìn sí Òkèhò, ní Òkè-Ògùn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kan mú gan-an, tí kànga ń gbẹ lọ́tùn-ún lósì, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní kí n máa lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ìpàdé àwọn obìnrin, kí n la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ pé kí wọ́n má fi omi ṣòfò mọ́. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ọ̀rọ̀ omi yìí ń dùn mí, nítorí pé ojú mi ló ń ṣe nínú kíláàsì, láti oṣù kejì sí oṣù kẹta, àwọn ọmọbìnrin ló máa ń pẹ́ dé, àwọn tó bá sì dé á máa tòògbé lórí tábìlì, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe ọ̀lẹ o, wọ́n ti wà nídìí bọhó látìgbà tí àkùkọ ò tíì kọ, wọ́n ń tò sórí láìnì. Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ní oṣù kọkànlá, tó bá di oṣù kẹta á ti máa fìdí rẹmi, ẹ máa rò pé orí ẹ̀ ló kú, omi ni.

Ìpàdé àwọn obìnrin ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo sọ èyí tí mo mọ̀. Màmá kan tó dàgbà jù níbẹ̀ gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "O ṣé, tíṣà, ọmọ mi, Ọlọ́run á fún ẹ ní ọgbọ́n kún un. Àmọ́ omi wo lo ní ká máa ṣọ́? Ṣé èyí tá a rí ni àbí èyí tá a ò rí?" Mo ní, "Màmá, èyí tẹ́ ẹ bá rí ni o." Wọ́n ní, "Èyí tá a bá rí ò tó wa. Lọ bá àwọn tí tiwọn ń dànù." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún màmá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jókòó. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ màmá yẹn kiri, mi ò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣì í sọ.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ilẹ̀ wa ná, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ wa níbí. Ẹni tó bá ti dé Adó-Àwáyé tó gun òkè lọ wo adágún Ìyàkẹ́ tó wà lórí àpáta lókè réré yẹn, irú òkúta tí mò ń wí nìyẹn. Kì í fa omi mu. Omi òjò tó bá wọlẹ̀, inú òkúta tó ti rà di ilẹ̀, tó bo èyí tó le mọ́lẹ̀, ló máa ń sá sí, tàbí kó gba ibi tí àpáta bá ti là wọlé. Ibòmíì, ilẹ̀ tó ti rà yẹn jìn dáadáa, ibòmíì kò jìn rárá, ẹ ò tíì gbẹ́ ẹ lọ títí tí díígà á fi máa dún kọ̀ọ̀kọ̀ lára òkúta. Ìdí nìyẹn tí kànga ilé kan fi máa lómi wọ oṣù kẹta, tí ti ilé tó tẹ̀ lé e á ti gbẹ látìgbà Kérésì. Ìdí nìyẹn náà tí wọ́n fi máa ń gbẹ́ bọhó tí owó ńlá á wọlẹ̀ tí omi ò ní jáde, tàbí kó jáde fún sáà díẹ̀ kó dákẹ́, káwọn èèyàn máa sọ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ jìbìtì ni, nígbà míì jìbìtì ni lóòótọ́, àmọ́ nígbà míì àpáta ni.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé omi abẹ́ ilẹ̀ yẹn ò mọ fẹ́ńsì. Kànga tèmi àti kànga tìrẹ, inú àpò èésú kan náà la jọ ń fọwọ́ sí. Ẹni tó ń fi okùn àti rọ́bà fa omi, ìwọ̀n tí apá ẹ̀ bá gbé náà ló máa fà, tó bá rẹ̀ ẹ́ á sinmi, kànga náà á sì sinmi, omi á tún sun sí i. Pọ́ǹpù kì í rẹ̀. Tí ẹni tó ní pọ́ǹpù bá tan jẹnẹrétọ̀ tó fà á láti àárọ̀ títí táńkì méjì fi kún lórí òrùlé, omi kànga tó wà nítòsí á fà sẹ́yìn, àwọn tó ni kànga yẹn ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á kàn ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí mà le o.

Mo fẹ́ káwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i. A wá báàfù kan, a da yanrìn àti òkúta wẹẹrẹ sí i, a gé orí ike kóòkì méjì dànù, a fi ìṣó gbígbóná lu ìsàlẹ̀ wọn, a rì wọ́n sínú yanrìn yẹn, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ọ̀hún. A wá da omi sórí yanrìn títí omi fi yọ nínú ike méjèèjì. Ọmọ kan ń fi ṣíbí bu omi jẹ́jẹ́ nínú ike tiẹ̀, omi ò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, bó ṣe ń bù ú ni òmíì ń sun wọlé. Ọmọ kejì wá ki síríńjì ńlá bọ inú ike kejì, ó ń fà á, ó ń fà á. Kò pẹ́ tí ike ẹni tó ń fi ṣíbí bu tiẹ̀ fi gbẹ, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan ike yẹn yàtọ̀ sí òun fúnra ẹ̀. Kíláàsì dákẹ́. Ọmọbìnrin kan ló nawọ́, ó ní, "Sà, ṣé pọ́ǹpù ilé wa ló wá gbẹ kànga àwọn Ìyá Ẹlẹ́kọ nìyẹn?"

Mo sọ fún un pé kì í ṣe pọ́ǹpù ilé wọn nìkan, òjò tó dá lọ́dún tó kọjá ní ìpín tiẹ̀, páànù àti kọnkéré tó bo ilẹ̀ tí kì í jẹ́ kí òjò wọlẹ̀ mọ́ náà ní tiẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Àmọ́ ó délé, ó bi bàbá ẹ̀, bàbá ẹ̀ sì wá bá mi ní iléèwé, kò bínú, ó ní kí n ṣe báàfù yẹn fún òun náà wò. Ká ní èmi ni mo lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀ pé ó ń gbẹ kànga àwọn èèyàn, mo mọ̀ pé ìjà ni ì bá dà. Ọmọ ẹ̀ ló bi í.

Ẹ wo South Africa ná. Lọ́dún 2018, ìlú Cape Town tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má lómi mọ́, ọ̀dá ti bá wọn fún ọdún mẹ́ta, omi inú àwọn dáàmù wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an, ìjọba ní láti oṣù kejì ọdún yẹn, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ lò ju 50 lítà lọ lójúmọ́, pé tó bá burú jù báyìí lọ, wọ́n á ti ẹ̀rọ pa, kálukú á máa lọ tò gba 25 lítà. Gbogbo ayé ń kẹ́dùn fún wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ 50 lítà yẹn, kẹ́ẹ̀gì méjì ni o! Nígbà tí mo ní káwọn ọmọ kíláàsì mi ka iye kẹ́ẹ̀gì tó ń wọ ilé wọn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n pín in sí iye èèyàn tó wà nílé, ọ̀pọ̀ wọn ni kò rí kẹ́ẹ̀gì kan gbáko fún ẹnì kan. Àjọ ìlera àgbáyé sì sọ pé 50 sí 100 lítà lójúmọ́ lèèyàn nílò kó tó lè gbé ayé tó mọ́ tónítóní. Ohun tí wọ́n ń pè ní wàhálà ní Cape Town, òun làwọn ìyá wa ń fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn wá. Ohun tí mo wá rí kọ́ lára Cape Town ni pé ẹni tí ẹ̀rọ ń sun nílé ẹ̀ ni wọ́n dojú ẹ̀kọ́ kọ. Wọ́n tiẹ̀ gbé àwòrán ìlú sórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ilé tó ń pa òfin omi mọ́ hàn, aládùúgbò ń rí ti aládùúgbò. Omi tí ìlú yẹn ń lò lójúmọ́ lọ sílẹ̀ ju ìlàjì lọ sí bó ṣe wà ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, òjò sì padà wá bá wọn láàárín ọdún yẹn.

Níbí tiwa, ìṣòfò tó pọ̀ jù kò sí nínú ilé alámọ̀. Ẹ lọ dúró sí ìdí àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn kọ́, tó jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ gẹ́ètì nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ó tan pọ́ǹpù, ó lọ ra búrẹ́dì, táńkì kún, omi ń ya bọ̀ sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sínú gọ́tà, ó sì lè tó ogún ìṣẹ́jú kó tó rántí. Nǹkan tó máa dá a dúró ò ju bọ́ọ̀lù kékeré tó máa ń léfòó nínú táńkì lọ, tí omi bá ti dé ibi tó yẹ, bọ́ọ̀lù á gbéra, á sì ti ẹnu páìpù. Tó bá jẹ́ kànga ni pọ́ǹpù ti ń fà, ẹ ní kí oníná so irú tó ń pa iná pọ́ǹpù fúnra ẹ̀ mọ́ ọn, torí tí ẹnu páìpù bá tì tí pọ́ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́, ó lè jóná. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan tí wọ́n fi ń kan gẹ́ètì. Bẹ́ẹ̀ náà ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, 9 lítà ti lọ, òmíì ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tuntun tó ní bọ́tìnnì méjì máa ń lo 3 lítà fún ìtọ̀ àti 6 fún èyí tó kù. Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnnì méjì, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń rà á fún.

Ẹ̀rọ bọhó àdúgbò náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tó ti ń kán tó, tó, tó, fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó kà á sí. A fi ìyẹn ṣe ìṣirò. Ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan, tí ẹ̀kán mẹ́rin bá jẹ́ mìlílítà kan, 21,600 mìlílítà nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì kan lójúmọ́. Nígbà tí a fi iye yẹn han àwọn ọkùnrin tó ń jókòó sábẹ́ igi nítòsí ibẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ fọkanáísà dìde lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó gé rọ́bà táyà kékeré, ó fi ṣe wọ́ṣà, kíkán náà dúró. Nǹkan tí kò gba ìpàdé kankan.

Àwọn àgbà máa ń sọ fún mi pé èèyàn wa ò gbọ́ràn, pé kò sí béèyàn ṣe lè kọ́ wọn. Mi ò gbà. Ẹ ti gbàgbé sòbìà, aràn gígùn tó máa ń yọ lára èèyàn yẹn, ni? Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mò ń kọ́ báyìí ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ sòbìà, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí i lójú wọn pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1988 sí 1989 tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà, iye wọn lé ní 650,000. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, kò sí oògùn tó ń wò ó títí dòní. Ẹ̀kọ́ ló lé e lọ. Wọ́n kọ́ wa pé inú omi tá à ń mu ni kòkòrò kékeré tó ń gbé e wà, ẹ fi aṣọ sẹ́ omi kí ẹ tó mu ún, ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ kó má ki ẹsẹ̀ bọ odò. Ọ̀gágun Gowon fúnra wọn rin ìrìn àjò dé àwọn abúlé lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àti àjọ Jimmy Carter. Àmọ́ àwọn tó ṣe é jù ni ará abúlé gan-an tí wọ́n yàn láàárín ara wọn, tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tó gbẹ̀yìn ní in ní Nàìjíríà, 2008 ni, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Èèyàn wa gbọ́ràn. Wọ́n gbọ́ nítorí pé ẹ̀kọ́ yẹn sọ ìdí ìyà tó ń jẹ wọ́n, kò sì di ẹ̀bi lé wọn lórí.

Èyí tí mo ń fi gbogbo agbára kọ́ àwọn èèyàn báyìí ni omi òjò, torí ibẹ̀ la ti ní púpọ̀ tá à ń jẹ́ kó lọ. Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí, ó rọrùn: òjò mìlímítà kan lórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, lítà kan ni. Òrùlé ilé oníyàrá mélòó kan tó fẹ̀ tó irú mítà kan níbùú lóròó bẹ́ẹ̀ lọ́nà 80, tí òjò tó tó 20 mìlímítà bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, òjò tí a máa ń rí dáadáa lóṣù kẹfà, 1,600 lítà nìyẹn, dúrọ́ọ̀mù ńlá mẹ́jọ! Òjò Òkè-Ògùn sì máa ń tó 1,000 mìlímítà lọ́dún, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ọdún. Ẹ wá bá mi ṣírò iye tó ń gba ojúde lọ di àgbàrá. Àwọn ìyá wa àgbà mọ èyí, wọn kì í jẹ́ kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ dà sílẹ̀ lásán, ìkòkò àti agbada á ti tò sábẹ́ ìbòòrùlé kí òjò tó ṣú tán, wọ́n á gbé e sínú àmù, omi yẹn á sì tutù. Ohun tá a kàn fi kún un ni gọ́tà páànù tó ń kó gbogbo ẹ̀ sójú kan àti táńkì tó tóbi ju àmù lọ. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ kọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ aláǹgbá kúrò lórí páànù kí ẹ tó gbé táńkì sí i, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu ẹ̀ kí ẹ̀fọn má yé sí i, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mu ún, ẹ sè é.

Ọ̀rọ̀ omi gbágùúdá náà wà tí mi ò ní fò dá. Láfún la mọ̀ níbí, gàrí náà sì ń pọ̀ sí i. Omi tó ń sun jáde lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fún, májèlé wà nínú ẹ̀, ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú, tẹ́ ẹ bá wá dà á sí ẹ̀gbẹ́ kànga, omi tó wà nísàlẹ̀ ti bà jẹ́, bí ẹ tiẹ̀ ṣọ́ ọ lò títí láé. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ni wọ́n tètè gbọ́ èyí jù, wọ́n gbẹ́ kòtò tiwọn sí ọ̀ọ́kán, jìnnà sí kànga, wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Mi ò fẹ́ kí ìjọba fi ọ̀rọ̀ mi bojú o. Dáàmù Ìkẹ̀rẹ̀ wà nítòsí Ìséyìn níbí lórí odò Ògùn, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, omi pọ̀ níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, àwọn ìlú tó yí i ká ṣì ń ru kẹ́ẹ̀gì. Kò sí iye gọ́tà páànù tó máa rọ́pò páìpù tí kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ká máa ṣọ́ omi lò, ká sì máa béèrè.

Níbi tá a dé báyìí, àwọn tó ní pọ́ǹpù ní àdúgbò tèmi ti jókòó pẹ̀lú Baálẹ̀, wọ́n fẹnu kò pé láti oṣù kìíní títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fi pọ́ǹpù fa omi láti àárọ̀ kùtùkùtù sí ọ̀sán, kí àwọn tó ń fi ọwọ́ fà á lè rí tiwọn kọ́kọ́. Bàbá ọmọ tó béèrè ìbéèrè yẹn ti yọ ẹ̀rọ kan síta fẹ́ńsì, ó ń ṣí i fún àwọn aládùúgbò ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ò tíì gbà, wọ́n ní owó àwọn làwọn fi gbẹ́ ẹ, a ṣì ń bá wọn sọ ọ́. Ní iléèwé, àwọn òbí ń dá owó gọ́tà páànù jọ, a fẹ́ gbé e sórí òrùlé kíláàsì méjì kí òjò oṣù kẹrin tó dé.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tẹ́ ẹ kọ́lé sílé tẹ́ ẹ wà ní Èkó, Ìbàdàn, London, ibi yòówù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ẹni tó ń ṣọ́ ilé yín lórí fóònù lónìí, ẹ bi í bóyá bọ́ọ̀lù wà nínú táńkì yín. Tí kò bá sí, ẹ fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ẹ ní kó pe ẹni tó ń ṣe páìpù kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.